Ẹrù Ìbímọ Àwọn Aboyún Oro-Ago

Ó ṣì ń bí mi nínú, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní gáréèjì Omu-Aran lẹ́nu màmá àgbà kan àti obìnrin kan tó kéré sí i, tí wọ́n jókòó ti páálí ìbọ̀wọ́, bíléèdì àti aṣọ ọmọ tí ìjọ wọn fẹ́ fi ta àwọn aboyún lọ́rẹ.

“Màmá, ẹ ní káwọn ará Oro-Ago wá gbà á níbí?”

“Ọ̀nà wọn ò dáa. Mọ́tò ìjọ ò lè dé ibẹ̀.”

“Ṣé kí olóyún oṣù mẹ́sàn-án wá gun ọ̀kadà ni?”

“Ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ á wá.”

“Háà! Ọ̀nà tó máa ba mọ́tò ìjọ jẹ́, ṣé ikùn aboyún ló máa gbà á?”

Màmá kanra mọ́ ọn: “Mọ́tò yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé. Jẹ́ kó sinmi ná!”