Orúkọ Mọ́kànlá Tí Mo Gbé Lọ Sílé Àdúrà

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn dókítà kan ní Maitama yóò la ikùn mi. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàlàyé fún mi ní kí n bọ́ gbogbo ohun tó wà lára mi sílẹ̀, yẹtí, ehín àtọwọ́dá, títí kan pátá. Mo ní, "Ọmọ mi, ìdí yìí tóbi o, ẹ wá aṣọ tó gbòòrò bò ó kí ẹ̀rù má ba dókítà." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Bí n óò bá bọ́ra sílẹ̀ fún àjèjì, kí ni mo tún ń fi pa mọ́ fún ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi: Mofìyìnfólúwa kò tà yín. Èmi ìyá ìyá rẹ̀, Felicia Babalọlá, ni mo tà yín. Láti ọdún tó kọjá tí ẹ ti ń pè é ní Júdásì, Júdásì tó wà nínú ilé yẹn, arúgbó ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì sanra.

Ẹ̀yin mọ́kànlá ni mo ń kọ ọ́ sí, àti ẹ̀yin ìyá ìjọ wa tí ẹ pàtẹ́wọ́ sí i. Saeed àti Nafisah tí n óò máa dárúkọ níbí kì í ṣe orúkọ àbísọ ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí ilé jó tán ni. Mofìyìn nìkan ló ní kí n kọ tòun síta gedegbe, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀.

Ilé mi ní Apo ni ẹgbẹ́ yín ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹgbẹ́ òǹkàwé ni Mofìyìn kọ́kọ́ pè é fún mi. Mo ní ó dáa, ẹ máa kàwé. Àmọ́ èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba, mo mọ bí ìwé ṣe ń dún létí. Ẹ̀rín àti ẹkún kì í pọ̀ tó báyẹn nínú rẹ̀. Mo pe ọmọ náà sí kíṣìnnì. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹgbẹ́ kí lẹ ń ṣe gan-an?" Ó wò mí lójú. "Mama, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin àmọ́ tí wọ́n mọ̀ lọ́kàn wọn pé obìnrin làwọn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ la wà níbẹ̀. Èmi ni ààrẹ." Mo ní, "Ìwọ náà?" Ó ní, "Èmi náà, Mama." Mo ro ọbẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo ní, "Ṣé ààrẹ kì í jẹ mọ́ínmọ́ín ni? Gbé abọ́ wá."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ìyá ẹgbẹ́. Mo rí ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ń kọ́ ara yín ní ohun tí èèyàn óò sọ bí ọlọ́pàá bá gba fóònù rẹ̀. Ẹ ń wá ibùsùn fún ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde. Ẹ ń sin ara yín lọ sílé ìwòsàn kí ẹnì kan má baà dá gba èébú. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa tó ti pé ogún ọdún, ìjà lórí àga àti kúlà la fi ń ṣe ìpàdé! Saeed a máa jó láàárín pálọ̀ mi, a ní, "Mama, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú ọkọ yín dákú." Màá dìde, màá jó, ilẹ̀ á mì tìtì, afẹ́fẹ́ á sá jáde lára mi, pùù! Nafisah á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà. "Kai, Mama, sànnu o, ẹ rọra! Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ." Ẹ̀yin tí mo bá rẹ́rìn-ín báyìí ni mo tà.

Mofìyìn ní ìwé pélébé kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Orúkọ yín ló wà nínú rẹ̀, àti orúkọ ìyá yín, kí ó lè mọ ẹni tí yóò pè bí wàhálà bá dé bá ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, torí ó fọkàn tán mi.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fún ìdáǹdè àwọn ọmọ. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìwé àdúrà wá: orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá ọmọ, ohun tó ń ṣe é. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é; àdúrà tí kò bá lórúkọ ìyá nínú, a gbà pé yóò ṣìnà bíi lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì. Àwọn yòókù ń kó tiwọn wá, ti ọmọ tó ń fa igbó, ti ọmọ tí kò rí ọkọ. Ìyá Hadassah, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, wò mí láàárín èrò, ó ní, "Màmá Babalọlá, ọwọ́ yín ṣófo. Ṣé tiyín ti di áńgẹ́lì ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ wo ohun tó dùn mí o! Kì í ṣe ọ̀run àpáàdì, kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ òfìfo ni! Mo délé, mo fa ìwé yẹn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi ìdí ńlá yìí jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọmọ mi, mo ń da orúkọ yín kọ.

Méjìlá ni orúkọ inú ìwé náà. Ti Mofìyìnfólúwa ló wà lókè pátápátá. Mo fò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì, mo kọ mọ́kànlá, mo sì kọ orúkọ irú ẹgbẹ́ tí ẹ jẹ́ àti yunifásítì yín sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí sílẹ̀ pé àdúrà ni màmá ń wá, kó bi mí pé kí ló dé tí n kò wá a fún tèmi. Mo mọ̀! Mo mọ òfin ìlú yìí, mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ń bẹ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni lẹ́tà àṣírí gba abẹ́ ìka mi kọjá, ọ̀kan ṣoṣo kò jò. Mo bo àṣírí àwọn ọ̀gá tí kò mọ̀ bóyá mo jẹun. Ti àwọn ọmọ tó ń bá mi fọ abọ́ ni mo kó lọ sí gbangba.

Ìyá Hadassah tẹ orúkọ náà sórí wasáàpù ẹgbẹ́ aládùúrà, kí gbogbo wọn lè máa fi gbàdúrà láràárọ̀. Alàgbà Japheth wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì yín. Bàbá tí ojú rẹ̀ kì í kúrò nídìí àwọn ọmọbìnrin akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi! Kò kúnlẹ̀ àdúrà kankan. Ó gbé orúkọ náà lọ síwájú ọ̀gá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dá ẹ̀yin mọ́kànlá dúró, wọ́n sì ti pe àwọn òbí yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n Saeed dúró dè é ní Zuba, nídìí ọsàn tí ìyá wọn ń tà, wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá. Bàbá Nafisah ní kó máa bọ̀ nílé ní Ìlọrin, ó ń halẹ̀ pé òun yóò fi í fọ́kọ. Ẹnikẹ́ni kò pe Mofìyìn. Òun nìkan ló ṣì ń lọ sí kíláàsì, ìyẹn gan-an ló sì di ẹ̀rí tí ẹ fi mú un.

Saeed àti Nafisah wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Apá Saeed wà nínú báńdéèjì. Ẹnì kan ti fi orúkọ náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó nà án sí Mofìyìn lójú. "Ka orúkọ yìí. Mélòó ni?" Mofìyìn kà á. "Mọ́kànlá." "Mélòó la jẹ́ nínú ẹgbẹ́?" Ó tún orúkọ náà kà. "Ààrẹ wa, ìwọ ni mò ń bi. Orúkọ ta ni kò sí níbẹ̀?" Ọmọ náà na ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run gbọ́, Saeed, mi ò mọ bó ṣe jẹ́." Nafisah ń sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọwọ́ ẹ nìkan ni ìwé yẹn wà. Sọ pé ẹnì kan wò ó. Ṣáà sọ ọ́, màá gbà ẹ́ gbọ́." Mofìyìn bá yíjú sí mi. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wọ yàrá mi?"

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù fún un, èmi ni mo dúró síwájú rẹ̀. Mo ní, "Rárá o. Kò sẹ́ni tó wọ yàrá ẹ." Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀! Mo tún fi kún un: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ dárí jì í." Èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ o! Mo da ẹ̀ṣẹ̀ mi lé ọmọ lórí tán, mo wá ń tọrọ àforíjì lórúkọ rẹ̀ bí ìyá rere. Nafisah jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Má pè mí mọ́." Wọ́n lọ. Mofìyìn sì dúró sójú kan náà, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Mama." N kò mọ ibi tí mo gbé ojú mi sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Ìyá Hadassah jẹ́rìí níwájú ìjọ pé àdúrà ti gbà, ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká. Ó ní kí Màmá Babalọlá dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde lóòótọ́. Mo ní, "Àdúrà wo? Ta ló kúnlẹ̀ nínú yín? Apá ọmọ tí wọ́n ṣẹ́, ṣé ìdáhùn àdúrà nìyẹn? Ẹ gba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mi, ẹ fi ṣe òfófó, ẹ wá ń kọ halelúyà sí i!" Wọ́n ní ṣúgà mi ló gòkè. Wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún, òùngbẹ ń gbẹ mí, àmọ́ ṣúgà kọ́!

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún Mofìyìn. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ fo orúkọ mi?" Mo ní, "Mo fẹ́ dáàbò bò ẹ́ ni." Ó ní, "Mama, ì bá sàn ká ní ẹ kọ ọ́ ṣáájú tiwọn." Mo kúnlẹ̀, eékún mi ń ké. Ó ní kí n dìde. "Ẹ má bẹ̀ mí báyìí. Àwọn ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kí ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, gbogbo ẹ̀, kí wọ́n rí i." Láti ìgbà yẹn, ó ń se oúnjẹ fún mi, kì í bá mi jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá tún ní kí ẹ kọ orúkọ ọmọ wá, ẹ bi í pé ta ni yóò kà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín lé àgbà lọ́wọ́ nítorí pé ó ń fún yín lóúnjẹ tó sì ń pa yín lẹ́rìn-ín. Mo fún yín lóúnjẹ. Mo pa yín lẹ́rìn-ín.

Èébú tèmi, ẹ gbé e wá sí Apo, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀. Etí mi kò tíì di. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí kí ọ̀bẹ dókítà tó kàn mí. Saeed, mo bẹ̀ ọ́, sọ fún àwọn yòókù pé ọwọ́ Mofìyìn mọ́. Nafisah, láti oṣù mẹ́wàá ló ti ń pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dún, o kì í gbé e. Yóò tún pè lónìí. Nafisah ọmọ mi, gbé e.