Adìyẹ Tí Mo Ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀

Ràbíátù kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ wọ̀ yín létí kí n tó sọ ohun mìíràn, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sí ìparí, ẹlòmíràn nínú yín á ti dìde lọ. Obìnrin tí ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ ìkà ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, tí ẹ ń kìlọ̀ fún àwọn ìyàwó tuntun pé kí wọ́n má hùwà bíi tirẹ̀, kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Èmi Sàláúdéènì, tí ẹ ń pè ní Sàlá Amẹ́ríkà, tí ẹ ti ra ọ̀dà láti fi kọ orúkọ mi sára ògiri pápá tuntun tó wà nísàlẹ̀ Màpó, èmi ni mo ṣe é. Ẹ gbé ọ̀dà yẹn padà sílé. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì tipẹ́, kò dà nínú mi, òní ni n ó bì í síta.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé. Bàbá mi àti bàbá Nojeem jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, inú agbo ilé kan náà ni wọ́n sì bí àwa méjèèjì sí. Ìyá tó bí Nojeem kú nígbà tó ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ràbíátù, ìyàwó kejì bàbá rẹ̀, ló gbà á tọ́. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló mú un lọ sí ilé kéú, ìgbà tó sì bí Karimat tirẹ̀, Nojeem ló ṣì máa ń bu ẹran fún ṣáájú. Àlejò kì í mọ̀ pé kì í ṣe òun ló bí i.

Ríìmù kẹ̀kẹ́ ni èmi àti Nojeem kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé tí a fi kọ́ básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n. Àwọn àgbà ń bú wa pé a ó fi bọ́ọ̀lù wó ilé, a kò gbọ́. Ìgbà tí a jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, gáàdì ni àwa méjèèjì fẹ́ jẹ́. Gáàdì ni ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ẹ̀yìn, tó ń la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Ẹni kan ṣoṣo ló sì lè di ipò yẹn mú nígbà tí eré bá gbóná. Mo mọ̀ ọ́n gbá. Nojeem mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ. Gbólóhùn yẹn kúrú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni n kò fi lè sọ ọ́. Kóòṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Joseph, pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sàlá, ìwọ ń sáré. Nojeem ń ronú. Wo ojú rẹ̀ kó o kọ́ṣẹ́." Mo wo ojú rẹ̀ lóòótọ́. Ìkórìíra ni mo kọ́ níbẹ̀.

Kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà rí Nojeem nínú fídíò tí ẹnì kan fi fóònù ya, ó sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ìbàdàn wá wò ó. Àyè ẹnì kan péré ló ní. Kò tíì dé tí Nojeem fi ṣubú níbi tí a ti ń gbára dì, ojúgun rẹ̀ sì kán. Ọ̀gbẹ́ni Joseph ní kí á gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá Nojeem bínú sí i, ó ní, "Ta ni yóò gbé omi kọjá odò? Ṣé ẹ kò mọ ilé tí ọmọ yìí ti wá ni?" Òótọ́ ló sọ, torí bàbá àgbà wa ni gbogbo Bẹẹrẹ mọ̀ sí Bàbá Teegun-teegun. Àwọn tó jábọ́ lórí ọ̀kadà, àwọn tó já látorí òrùlé, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé wá bá a, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá rí mọ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá ti na eegun náà tán, tó fi òróró pa á, tó fi igi oparun wẹ́wẹ́ dì í, yóò mú adìyẹ kan, yóò ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbi tí ti ènìyàn ti kán gan-an, yóò sì dì í bákan náà. Òróró tó bá fi pa ti ènìyàn náà ló ń fi pa ti adìyẹ. Ọjọ́ tí adìyẹ bá dìde tó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ láìtiro ni wọ́n ń tú igi lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Adìyẹ ni ẹlẹ́rìí. Bàbá a máa sọ pé, "Ènìyàn lè purọ́ torí ó fẹ́ lọ sílé. Adìyẹ kò nílé tó ń lọ." Èmi ni Bàbá ní kí n máa ṣọ́ adìyẹ Nojeem, adìyẹ pupa kan báyìí, torí ó rò pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn Nojeem tó mi.

Kí n má purọ́ mọ́: inú mi dùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mo ń gbàdúrà pé kí eegun náà má tètè mú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá dára, àlejò wa kò sì tíì dé nígbà tí adìyẹ náà dìde lọ́jọ́ Alàmísì kan, tó rìn lọ síbi omi. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́la, bí a bá ti Jímọ̀ dé, a ó tú Nojeem sílẹ̀." Ràbíátù kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí tí Bàbá fi ní ó tó. Nojeem di ọwọ́ mi mú lórí ẹní, ó ní, "Sàlá, bí mo bá fi lè débẹ̀, n ó wá ọ̀nà tí ìwọ náà á fi wá bá mi." Mo ní, "Àmín." Ẹnu yìí náà ni mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọkùnrin ilé gba mọ́sáláṣí Ọjà'ba lọ. Mo ní inú ń run mí. Àwọn obìnrin wà níwájú ilé, Nojeem wà nínú yàrá bàbá rẹ̀. Mo ṣí àgò, mo gbé adìyẹ náà. Kò sá, torí ọwọ́ mi ló ti ń jẹun. Mo fi àtàǹpàkò wá ibi tí eegun ti so, mo sún sókè díẹ̀, mo sì ṣẹ́ ẹ. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi ìṣáná. Mo dá igi oparun rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, mo da àgò bò ó. Lẹ́yìn náà mo fọwọ́, mo ṣe àlùwàlá, mo sì kírun. Ẹ gbọ́ ná, mo kírun! Bí ilẹ̀ bá la ẹnu lórí ẹní ìrun yẹn, ẹ̀tọ́ mi ni.

Ìgbà tí wọ́n dé, Bàbá ṣí àgò níṣojú gbogbo wa. Adìyẹ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bàbá ní, "Eegun ọmọ yìí kò mú. Ó mú wọ́ ni. A ó tún un ṣẹ́, ká tún un tò." Nojeem pariwo láti inú yàrá: "Bàbá, kò dùn mí mọ́! Ẹ jẹ́ kí n dìde kẹ́ ẹ wò ó!" Bàbá ní, "Ìwọ lo fẹ́ lọ sílé." Ràbíátù dojúbolẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yà á wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án." Ọkọ rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé ṣé ó fẹ́ kọ́ bàbá òun níṣẹ́ ni.

Bàbá ní kí n wá di Nojeem léjìká mú. Mo dì í mú. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ojú rẹ̀ sì wà lójú mi. Ó ní, "Sàlá, sọ fún wọn. Ìwọ lò ń tọ́jú rẹ̀. Ṣé kò rìn lánàá ni?" Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù láti gba ẹsẹ̀ yẹn là, ẹnu mi sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mo ní, "Ó rìn, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń tiro." Bàbá mi orí, ó fọwọ́ mú ojúgun náà. Igbe tí Nojeem ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Èmi tí mo dì í mú ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà náà dé. Ó bọ Nojeem lọ́wọ́ lórí ẹní, ó káàánú rẹ̀, ó wá wo eré mi, ó sì mú mi. Mo rò pé ó ti tán. Ó kù díẹ̀ kí n lọ nígbà tí Bàbá tú ẹsẹ̀ adìyẹ, tó fọwọ́ wò ó lọ, wò ó bọ̀. Ojú kan ti kán tó sì ti jinná. Ojú kejì, lókè rẹ̀ díẹ̀, tuntun ni. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe èyí. Háà! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ẹsẹ̀ tó ti jinná." Ó pe gbogbo ilé jọ, ó bèèrè ẹni tó dé ìdí àgò lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

Ibí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Mo rí Ìyá Karimat níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn." Mo rí i lóòótọ́, ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà ta gbòǹgbò nìyẹn. Ràbíátù kò sẹ́. Ó ní, "Mo débẹ̀. Àgbàdo ni mo fún un. Mo ní kó bá mi dìde dáadáa nítorí ọmọ mi." Ìyá àgbà kan pòṣé: "Ọmọ ta?" Gbogbo ẹnu sì ṣí. Orogún ni, ìkà ni, ó fẹ́ kí Karimat nìkan jogún bàbá. Ràbíátù ń wo Nojeem, Nojeem nìkan. Nojeem yíjú sí ògiri, ó ní, "Màmá, ẹ má wá síbi tí mo bá wà mọ́." Ràbíátù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di ẹrù, ó mú Karimat lọ́wọ́, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Kúdẹtì. Èmi náà ni mo bá a gbé ẹrù dé ojú títì. Ó ṣàdúrà fún mi pé ọ̀nà mi á là.

Ọ̀nà mi là. Mo jẹ́ gáàdì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn títí mo fi di olórí ẹgbẹ́. Èrò ń kún inú gbọ̀ngàn, òyìnbó ń pariwo "Sàlá! Sàlá!" Àfi ìgbà tí wọ́n bá fún mi ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, tí gbogbo gbọ̀ngàn bá pa rọ́rọ́ kí n tó jù ú, ọjọ́ tí gbogbo ilé wa yíjú sí mi á padà wá, bọ́ọ̀lù á yẹ̀, wọ́n á sì ní èrò ló ń bà mí lẹ́rù. Nílé, ẹsẹ̀ Nojeem mú wọ́, ó kúrú ju ìkejì lọ, ó sì ń tún fóònù ṣe ní Ọjà'ba. Bàbá kò to eegun ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.

Ràbíátù kú lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí mo ti padà wálé wá di kóòṣì. Mo lọ síbi tí wọ́n ti sin ín sí nínú ọgbà bàbá rẹ̀. Nojeem kò wá. Karimat ní, "Bùọ̀dá Sàlá, títí ó fi dákẹ́ ló ń bèèrè bóyá Bùọ̀dá Nojeem ti dé. Mo purọ́ fún un pé wọ́n wà lọ́nà." N kò lè dúró jẹ sààráà. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá Nojeem ní ṣọ́ọ̀bù, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn fóònù tó tú palẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Nojeem gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi, mo fi jì ọ́. Bọ́ọ̀lù, mo fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ń gbé oúnjẹ iléyá wá fún mi lọ́dọọdún, Sàlá. Wọ́n á gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n á dúró lódì kejì títì máa wò. Mo máa ń dà á fún ajá níṣojú wọn." Ó fi ọwọ́ bojú. "Lọ sí Kúdẹtì. Lọ bẹ̀ wọ́n. Èsì tí wọ́n bá fún ọ, wá sọ ọ́ fún mi. Òun náà ni èmi á fún ọ."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Kì í pa ènìyàn. Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Karimat. Èmi ti lọ sí Kúdẹtì. Mo jókòó ti ibojì náà, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, n kò fo ìkankan. Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí. Nojeem ṣì ń retí èsì.