Mo Gba Ẹ̀bẹ̀ Bàbá Tún-un-wò

Ẹ má tíì dìde o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé ọkọ̀, kó fara balẹ̀ díẹ̀, mo ti bẹ ọ̀gá, wọ́n sì ti fún mi ní ìdajì wákàtí. Ẹ̀yin awakọ̀ tuntun rò pé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ yín bí mo ti máa ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, nínú àdúrà gan-an, ṣe ni mo máa ń yà fún un bí ẹni ń yà fún kòtò lójú títì. Lónìí, nínú yàrá yìí, n ó sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Àwọn àgbà tó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn mọ Bàbá Tún-un-wò. Ẹ̀yin tuntun kò mọ̀ wọ́n, orúkọ wọn nìkan lẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi yín ṣẹ̀fẹ̀: "Má lọ ṣe bíi Bàbá Tún-un-wò o!" Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ńlá, wọn ò fi ha ògiri rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn la fi sọ wọ́n lórúkọ. O bá ní o ti wo táyà, wọ́n á ní, "Tún un wò." O bá ní o ti wo búrèkì, wọ́n á ní, "Tún un wò." Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé bí Bàbá bá délé tí wọ́n rí ìyàwó wọn, wọ́n á kọ́kọ́ padà síta, wọ́n á tún wọlé wá wò ó bóyá òun náà ni. Bàbá á bá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní ká lọ tún táyà wò.

Òfin tó wà nígbà náà ló ṣì wà dòní. Awakọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ jáde ní gèètì láìjẹ́ pé olùkọ́ rẹ̀ ti wo ìdè ọkọ̀. Orí ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, á fẹ̀yìn rìn wọ abẹ́ bọ́dì tí a ń kó ẹrù sí, irin tó yọ lábẹ́ bọ́dì á wọ ẹnu irin tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀, ẹnu irin náà á sì pa dé. Ẹ máa ń gbọ́ ọ tó bá dún "kọ̀ọ́!" Ṣùgbọ́n etí kọ́ la fi ń mọ̀ pé ó dé. Olùkọ́ á wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, á fojú ara rẹ̀ rí i, lẹ́yìn náà ló máa tó fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa òrùka sí ẹ̀gbẹ́ bọ́dì. Ibi tí òrùka bá wà, ẹnikẹ́ni kì í bi ọ́ ní ìbéèrè mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débí ni. Wọ́n ti di táìlì kún bọ́dì kan fọ́fọ́, wọ́n ní kí n fẹ̀yìn wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní, ó wọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn awakọ̀ tó ń mu tíì lórí bẹ́ǹṣì ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbé àga wá o, fíìmù ti bẹ̀rẹ̀!" Òmíràn ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé ọkọ̀ lo ń wà ni àbí ò ń kọ́ ọ níjó?" Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ku díẹ̀ kí n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá ẹsẹ̀ irin tó gbé bọ́dì dúró. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ó tó. Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi, a óò tún un ṣe lọ́la." Wọ́n gorí ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n fẹ̀yìn rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ̀ọ́! Wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n fa òrùka. Ọ̀gá wá pè wọ́n sí ọ́fíìsì láti fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Àwọn tó ń mu tíì náà dìde, kóówá gba ìdí ọkọ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti di awakọ̀ ọkọ̀ ńlá.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọgbà dá. Ni mo bá yí ẹsẹ̀ bọ́dì sọ̀kalẹ̀, mo yọ àwọn rọ́bà búrèkì, mo fa irin tó ń tú ìdè, mo sì wa orí ọkọ̀ jáde kúrò lábẹ́ bọ́dì. Mo kàn fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré fúnra mi, kí n lè sọ lọ́kàn ara mi pé èmi ni mo ṣe é. Mo fẹ̀yìn rìn. Ẹ gbọ́, ó wọlé tààrà! Ó dún kọ̀ọ́, inú mi dùn débi pé mo lu sítíárì. Mo dá rọ́bà padà, mo ká ẹsẹ̀ bọ́dì sókè. Ó wá ku kí n wò ó. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí àga inú ọkọ̀. Mo ti nawọ́ sí i kí n tó rí i pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń ṣí. Bí Bàbá bá bá mi lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ bọ́dì, òrùka wọn ṣì wà níbẹ̀, funfun báláú. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, ọlọ́kàn dúdú ni mí, n ò sì tíì dé ibi tó burú.

Ẹnì kan rí mi. Onídíísù ni, ẹni tó ń rọ epo sọ́kọ̀ nígbà náà, ó ti kú báyìí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo, ó ń fi ìnùjú nu ọwọ́, ó ń wò mí. Bàbá gun ọkọ̀, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ní, "Kò sí nǹkan, àbí?" Mo ní, "Kò sí nǹkan, sà." Ẹ mọ gèètì wa, ẹ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gòkè tó kó tó kan títì. Bí a ti ń gùn ún, mo gbọ́ tí nǹkan ha lẹ́yìn, kiriri. Mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì tẹ iná sí i, nítorí mo rò pé bí a bá ti dé orí títì, á jókòó dáadáa. Orí ọkọ̀ fò síwájú lójijì bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo rọ́bà já, afẹ́fẹ́ ń dún fíín. Imú bọ́dì lulẹ̀, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan tòun ti táìlì inú rẹ̀. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá sọ kẹ̀kẹ́ nù, ó fò sínú gọ́tà. Bọ́dì tẹ kẹ̀kẹ́ náà pẹlẹbẹ. Ọkùnrin náà dìde, ó ń fọwọ́ kan ara rẹ̀ káàkiri, ó ń kígbe pé, "Ṣé mo wà láàyè? Ẹ bá mi wò ó, ṣé mo wà láàyè?"

Inú yàrá yìí ni wọ́n ti bi wá ní ìbéèrè. Bàbá ní, "Mo wò ó. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹnu irin náà dé." Ọ̀gá ní, "Tó bá dé, báwo ló ṣe já?" Bàbá ní, "Bóyá ẹnì kan tú u lẹ́yìn mi." Ọ̀gá wá kọjú sí mi: "Ìwọ lo wà nídìí ọkọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí Bàbá wò ó?" Mo ní, "Rárá, sà." Mo rò pé Bàbá máa bínú sí mi. Wọn ò bínú. Wọ́n gbà mí gbọ́! Wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó jábọ́. Wọ́n ní, "Mo wò ó," ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n tún ní, "Mo wò ó... àbí ti àná ni mò ń rántí?" Ojú mi ni ọkàn bàbá yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn kulẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Onídíísù ká mi mọ́ ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní, "Mo rí ọ o. Lọ sọ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi lóyún, wọ́n á lé mi." Ó ní, "Ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ ni o," ó sì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn, irọ́ yẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo awakọ̀ pé síbí, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn, Bàbá Tún-un-wò dìde. Wọ́n fi káàdì ìwakọ̀ wọn lé orí tábìlì ọ̀gá. Wọ́n wá rìn wá síwájú mi, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi! Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, ó kàn ku kí n la ẹnu ni. Gbogbo ojú ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé wọn dìde, mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Mo ti dárí jì yín." Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní mo lọ́kàn rere. Bàbá dì mọ́ mi, wọ́n sunkún sí èjìká mi, omijé náà rin ẹ̀wù mi. Èmi ni mo dárí jì wọ́n. Èmi!

Wọn ò wa ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ní tèmi ń ga sókè níbi iṣẹ́, títí wọ́n fi fi mí ṣe olùkọ́ yín. Lọ́dọọdún mo máa ń gbé èso lọ kí wọn, ìyàwó wọn á sì máa ṣàdúrà fún mi. Nígbà tí mo lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo bá gbogbo wọn ní pálọ̀. Bàbá na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé ìkókó fún àwọn. Ọmọ wọn fà á mọ́ra, ó rọra ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú un mọ́wọ́ fún yín ná. Ẹ ò ní fẹ́ gbàgbé pé ẹ gbé e." Kò fi ṣe ẹ̀sín, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Bàbá ká ọwọ́ kò, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Èmi náà ò fọkàn tán ara mi." Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, kò sóhun tó ṣe orí bàbá yẹn. Èmi ni mo bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. N ò lè jẹun tí wọ́n gbé síwájú mi.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n bi mí pé, "Ìyẹn ni pé mo wò ó?" Mo ní, "Ẹ wò ó, sà." "Ó sì dé nígbà tí mo wò ó?" "Ó dé, sà." "Kì í ṣe ti àná ni mò ń rántí?" "Kì í ṣe ti àná, sà." Wọ́n fọwọ́ bo ojú. Ọmọ wọn tó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà bú sẹ́kún. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí." Wọ́n ní, "Mo bẹ̀ ọ́ níṣojú ènìyàn, inú ilé mi lo ti wá ń bẹ̀ mí. Kọ́kọ́ dá ẹ̀bẹ̀ mi padà níbi tí o ti gbà á. Lẹ́yìn náà, a óò sọ̀rọ̀."

Ohun tó gbé mi dìde láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ ṣe ohun tó bá yẹ kí ẹ ṣe fún mi, n ò ní jà. Ẹ̀yin ọmọ tuntun, ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ óò ṣe àṣìṣe, kò sí awakọ̀ tí kì í ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é ni kí ẹ sọ ọ́, nígbà tí ó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Ẹ̀yin àgbà tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀. Mo ní kí Bàbá bá mi wá síbí, wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan nínú yín lọ bá wọn nílé lónìí, kó sọ fún wọn pé mo sọ ọ́. Kó má jẹ́ èmi ni n ó lọ sọ ọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mo ní mo ti sọ ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi gbà mí gbọ́?