Bàbá Tó Ń Wọn Òjò

Inú takisí tó ń gbé wa láti Aramọkọ lọ sí Ìjerò ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n sọ lórí rédíò pé òjò ńlá ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Bàbá àgbẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. "Mo ti sá kòkó mi, n ò sì ní kó o wọlé. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì l'Ábùjá, kí ni wọ́n mọ̀ nípa òjò Òkè-Ìmẹ̀sí?"

Obìnrin tó wà níwájú yíjú padà. "Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi ló sọ fún wọn."

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá tèmi gan-an. Tíṣà ni wọ́n l'Ókè-Ìmẹ̀sí. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ gbé agolo kan fún wọn, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Àràárọ̀ ni bàbá mi ń wọn omi òjò inú ẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí òjò ò bá rọ̀, wọ́n á kọ òdo. Gbogbo ìlú ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ṣé kì í ṣe èyí tó bá ṣáà ti wù wọ́n ni wọ́n ń kọ?"

"Rárá o! Ìyá mi fi omi náà fọwọ́ lọ́jọ́ kan. Bàbá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ìyàwó mi ti da tòní nù.' Wọn ò fi irọ́ dí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà l'Ábùjá ṣì ń wò kí wọ́n tó sọ pé òjò ń bọ̀."

"Ìyàwó mi ti da tòní nù." Bàbá àgbẹ̀ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan dẹ́rẹ́bà léjìká.

"Jọ̀ọ́, bá mi dúró níbí. Mo fẹ́ padà lọ kó kòkó mi."