Ẹni Tí Kò Dijú Níbi Àdúrà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó nínú ilé Baba wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ mí kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tó mú mi dé iwájú yín lónìí. Láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé ibi tí mo dúró sí yìí, ẹ máa rò pé ìrìn díẹ̀ ni. Ọdún bíi mélòó kan ni mo fi rìn ín. Ògo ni fún Ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí ní Isikan níbí, nílùú Àkúrẹ́. Mo sì mọ orúkọ tí ẹ̀ ń pè mí lẹ́yìn. Màmá Sẹkíọ́ríìtì. Mo gbọ́, mi ò bínú, òótọ́ lẹ sọ. Kò sí ẹni tó wọ inú ìjọ yìí tí mi ò kọ́kọ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni bá gbé báàgì, mo ní kó ṣí i. Ẹni bá wọ agbádá tó fẹ̀ jù, mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí púlọ́ńbà tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe? Mo ní kó ka Sáàmù kẹtàlélógún fún mi kó tó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa o, àmọ́ nígbà tó dé pápá oko tútù, ó gbàgbé èyí tó kù. Mo ní kó máa lọ sílé. Fíkà, àlùfáà wa, fúnra wọn ló lọ bẹ̀ ẹ́ padà, kí omi tó yọ nínú ọgbà yìí.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ sì mọ ejò tó bù mí ṣán. Ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn agbébọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa àwọn ènìyàn Ọlọ́run níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Gbogbo Nàìjíríà ló sunkún. Àwọn èèyàn ńláńlá wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Àbúrò mi wà lára àwọn tó kú níbẹ̀. Yẹ́misí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni wá, ìyá kan, bàbá kan, èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ilé ọkọ ló gbé e dé Ọ̀wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ó pè mí lórí fóònù, ó ń bi mí irú gèlè tó máa bá léèsì àwọ̀ ewé mu. Mo ní kó wé aláwọ̀ wúrà. Ó ní mo fẹ́ sọ òun di ìyá ìyàwó, ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn, ọ̀rọ̀ gèlè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Yẹ́misí jẹ́ fún yín, kí ẹ má fi òkú nìkan mọ̀ ọ́n. Afẹjọ́sùn ni. Nígbà tí a wà ní kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi l'Óǹdó, a ní tíṣà kan tó máa ń mú pàṣán dání. Bí a bá ti ṣe àmín tán báyìí, Yẹ́misí á nàwọ́ sókè, á ní, "Mà, àǹtí mi ò dijú." Tíṣà á kọ́kọ́ wo èmi, lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí òun: "Ìwọ tó rí i, ojú tìrẹ ńkọ́?" Àwa méjèèjì la jọ máa ń jẹ pàṣán náà. Kò sì kọ́gbọ́n. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún nàwọ́.

Látọjọ́ tí wọ́n ti pa á, mi ò dijú níbi àdúrà mọ́. Ẹ̀yin ò mọ̀, torí ẹ̀yin ń dijú. Bíbélì ní ká máa ṣọ́nà ká sì máa gbàdúrà. Èmi mú ìṣọ́nà, mo fi àdúrà sílẹ̀ fún yín. Ní ọ́fíìsì ìjọba wa ní Alágbàká, mo yí tábìlì mi padà kó lè dojú kọ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé, mo ní afẹ́fẹ́ ni mò ń wá. Bí mo bá wọ takisí, tí ọkùnrin kan bá gbé báàgì wọlé tẹ̀ lé mi, mo máa sọ̀ ni, mo máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀rù ni, ẹ̀yin ará. Èmi ń pè é ní ọgbọ́n, àmọ́ ẹ̀rù ni.

Ibi tó ti wá di wàhálà ni Oǹdó. Lọ́dọọdún, ìjọ wa níbẹ̀ máa ń ṣe ìsìn ìrántí fún àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn lọ, àti fún àwọn tí wọ́n pa níbi mìíràn kiri ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé Fíkà ibẹ̀ á pe ìdílé, ẹnì kan nínú ìdílé á rìn dé iwájú pẹpẹ, á fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó lọ, á tan àbẹ́là. Ìyá wa wà láyé, àmọ́ wọn ò lè ṣe é. Ẹ mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Èmi àkọ́bí ló kàn. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ní iṣẹ́ ìjọba ò jẹ́ kí n wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe ìdílé wa, mo wo ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Wọ́n fo ìdílé wa kọjá. Lọ́dún yìí ni ìyá wa ránṣẹ́ pè mí, tí wọ́n mú mi jókòó. Wọ́n ní, "Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń pè nínú ilé Ọlọ́run. Ṣé a ò bí Yẹ́misí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí fún wọn pé lọ́dún yìí, bó bá ku ọ̀la tí màá kú, màá rìn dé iwájú.

Ọjọ́ pé. Mo gbéra ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ọkọ̀ kí n lè máa rí gbogbo wọn. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, dírẹ́bà ní òun fẹ́ ra bọ̀ọ̀lì. Mo bi í pé ta ló ní kó dúró níbí. Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ra bọ̀ọ̀lì rẹ̀, ó fún mi nínú ẹ̀, mi ò jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo forí lé àga tó kẹ́yìn, èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Ọkùnrin kan ti jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe arúgbó. Káfútàánì tí wọ́n ti fọ̀ títí tó ti ṣá ló wọ̀, báàgì dúdú ńlá kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, àmọ́ kò wò mí. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Mo jókòó sí igun kejì àga náà, mo gbé báàgì tèmi lé ẹsẹ̀, mo dojú mi kọ ọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Ọ́ṣà tó ń bójú tó ìjókòó wá, ó ní kí wọ́n bá a gbé báàgì sẹ́yìn àga, ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́ra, ó ní rárá. Wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde ká lè kí wọn káàbọ̀, kò dìde. A ń kọ orin, kò ṣíwèé. Bó bá sún báàgì yẹn díẹ̀, nǹkan á máa lu ara wọn nínú rẹ̀. Inú mi ń sọ fún mi pé òní ni. Fíkà wá ní ká gbàdúrà. Gbogbo ìjọ tẹrí ba. Mo wo ọkùnrin yìí, ojú rẹ̀ là kedere!

Òógùn bò mí. Ta ní ń lajú sílẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gbàdúrà, bí kò bá ní ohun tó ń dúró dè? Mo ti ki ọwọ́ bọ inú báàgì, mo ti di fóònù mú, kí n pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ sì mọ àwọn ọ̀dọ́ wa. Látìgbà ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, kóńdó ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí obìnrin àgbà kan bá pariwo pé ẹ mú u, lílù ló máa kọ́kọ́ wáyé, ìbéèrè á wá tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ pariwo náà.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí Fíkà pe ìdílé Akínṣẹ̀yẹ. Ìdílé wa nìyẹn. Ìyá wa yí ọrùn padà láti iwájú, wọ́n ń wá mi lójú. Bí mo bá dìde, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí, gbogbo ìjọ sì wà níwájú rẹ̀, ìyá mi pẹ̀lú. Bí mi ò bá dìde, Yẹ́misí tún di ẹni tí a ò bí. Mo gbàdúrà pẹ̀lú ojú lílà. Mo ní Olúwa, fi ohun tó wà nínú ọkùnrin yìí hàn mí.

Ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Mi ò gbọ́ ohùn áńgẹ́lì. Ohùn Yẹ́misí ló wá sí mi létí, ohùn rẹ̀ ti kékeré, pé àǹtí mi ò dijú. Ohùn tíṣà sì tẹ̀ lé e pé ìwọ tó rí i, ojú tìrẹ ńkọ́.

Mo tún wo ọkùnrin náà. Èmi gan-an ló ń wò. Òógùn bo òun náà. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó ń rí: obìnrin kan tó ń lajú níbi àdúrà, tí kò kọrin, tó dojú kọ ọ́ láti àárọ̀, tó sì ki ọwọ́ bọ inú báàgì ńlá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rọra fa ọwọ́ mi jáde, mo fi fóònù hàn án. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ kígbe lé mi lórí. Mo ní èmi náà. Mo wá fi orí júwe báàgì rẹ̀, ó ṣí i fún mi. Bándéèjì ló kún inú rẹ̀. Òwú, sípírítì nínú ìgò, ìgò omi, aṣọ funfun tí wọ́n ti ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní Ọ̀wọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun láti fi di ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù ọrùn òun lòun bọ́. Kò tó. Ó ti ṣí wá sí Oǹdó báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Kì í wọ ilé Ọlọ́run kankan láìgbé báàgì yẹn, kì í sì jókòó síbi mìíràn àfi ẹnu ọ̀nà.

Fíkà pe ìdílé wa lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún wo ilẹ̀kùn, mo ní èmi ni wọ́n ń pè. Ọkùnrin náà sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ lọ pe orúkọ wọn. Màá bá yín ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi gbé mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá wa, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo dúró níwájú pẹpẹ, mo ní, "Olúwayẹ́misí, ọmọ Akínṣẹ̀yẹ. Àbúrò mi ni." Mo tan àbẹ́là rẹ̀. Fíkà gbàdúrà, mo sì di ojú mi. Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo dijú, ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, mo sunkún tí mi ò tíì sun rí látọjọ́ tí wọ́n ti pa á. Nígbà tí mo lajú, mo yíjú sẹ́yìn, ọkùnrin náà ti dìde dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìta.

Mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní ó kàn án. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìdílé kankan níbí, ta ló máa pe òun. Mo nàwọ́ sókè bíi Yẹ́misí, mo sọ fún Fíkà pé orúkọ kan ṣì kù. Ó gbé báàgì rẹ̀ fún mi, ó rìn lọ síwájú. Ìbídùn lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, torí èmi ni mò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún òun náà.

Nítorí náà, ẹ bá mi yọ̀. Ọlọ́run gba ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ ariwo mi, ó sì gba èmi lọ́wọ́ tirẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ̀rù ti tán o. Arákùnrin tó wọ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, mo ti rí báàgì rẹ, wá kí mi lẹ́yìn ìsìn. Àmọ́ bí ẹ bá yíjú sẹ́yìn, ẹ máa rí ẹnì kan lórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì dúdú. Ẹ má fòyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i káàbọ̀. Oǹdó ló ti wá, kí n lè rí àyè wá síwájú yín.

Fíkà, ẹ gbàdúrà fún wa wàyí, kí ẹ fi orúkọ Yẹ́misí àti Ìbídùn sí i. Èmi máa dijú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ lẹ́yìn ìsìn pé òun rí Màmá Sẹkíọ́ríìtì tó lajú, ohun tí tíṣà bi àbúrò mi ni màá bi í.