Inú Orí Délé

Délé ló kọ́kọ́ jí ìbéèrè ìtàn mi nígbà tí a jọ ń ṣe olùkọ́. Nígbà tó tún yá ìwé mi, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìdáhùn kan lódì dè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan wà níwájú mi níbi fọ́tókọ́pì ní Ìjàgun. Ó ti pẹ́, Délé kò dá mi mọ̀.

“Sà, odò tí àwọn òyìnbó sọdá kí wọ́n tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n, Ọ̀ṣun lẹ kọ. Kí ni Ọ̀ṣun wá ṣe níbẹ̀?”

“Ọ̀ṣun ni. Inú orí ara mi ni mo ti mú ìbéèrè yẹn jáde.”

“Ẹ bá mi fọ orí náà, sà. Odò wo gan-an ni? Àwọn ọmọ Òdogbolú ń bọ̀ wá díje lọ́la, wọn ò sì gọ̀.”

Délé ń wo òrùlé. Inú orí ara rẹ̀! Ó wù mí kí n panu mọ́, àmọ́ èké tí mo gbìn ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

“Yemoji ni,” ni mo wí.

Délé kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, ó wá yíjú sí mi: “Ẹ ṣé, Màmá. Ohun tó wà nínú orí mi gan-an nìyẹn.”