Agogo Ìjọ Tí Mo Sọ Di Dúdú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Inú mi ń dùn, ẹ̀rí ọkàn mi sì ń dà mí láàmú. Lóṣù tó ń bọ̀, ìjọ Aládùrà wa ní Aládé fẹ́ bá mi dúpẹ́ torí pé mo yege nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, mo sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sókè òkun. Ohun ìjọ ni mo fi yege, wọn ò mọ̀. Ẹlòmíràn ló jìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ní yunifásítì ni kí n fi iná bátìrì sọ ọtí di ásíìdì kíkan bíi ti fínígà. Mo fi ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì ṣe é títí, kò yọrí. Olùkọ́ mi ní obìnrin ni mí, kí n lọ wá iṣẹ́ tó rọrùn. Èmi kẹ̀! Mo ti kà á pé bí iná bá gba ara níkẹ́ẹ̀lì kọjá nínú omi eérú, irin yẹn á ràn án lọ́wọ́, ọtí á sì yí padà kíá. Ṣùgbọ́n a ò ní níkẹ́ẹ̀lì.

Mo wá sílé fún ìsinmi. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kàn mí láti fi omi eérú èèpo kòkó fọ ohun èlò ìjọ, bí a ti máa ń ṣe. Mo gbé agogo ọwọ́ dání, ó ń dán. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi bò ó! Omi eérú tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ sì nìyí níwájú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èmi ọmọ Aládùrà ra ògógóró. Mo dà á sínú omi eérú, mo ri agogo bọ inú rẹ̀, mo so agogo mọ́ ẹnu kan bátìrì ọkọ̀ bàbá mi, mo so ọ̀pá dúdú mọ́ ẹnu kejì.

Nígbà tí mo gbé omi náà padà sí yunifásítì, tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ásíìdì ló kún inú rẹ̀. Olùkọ́ mi la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Mo jó yí yàrá náà ká!

Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn nílé, agogo ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́. Mo rọra gbé e padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, Wòlíì ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń lu agogo ló sọ ọ́ di dúdú. Màmá Alágogo, tó ti ń lù ú kí wọ́n tó bí mi, kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́. Ó wá ẹ̀ṣẹ̀ títí, ó wá ní òun máa ń jowú ìyálé òun. Wọ́n gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyálé rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Alágogo, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí.

"Ṣé pé ọwọ́ mi mọ́?" ló bi mí.

"Ọwọ́ yín mọ́, Màmá."

Háà! Ó bọ́ gèlè, ó fi gbàjá, ó bọ́ sí àgbàlá, ó ń jó. "Ìyálé mi, ẹ jáde! Mi ò jowú yín rí! Irọ́ ni mo pa mọ́ ara mi!" Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Èmi náà ń sunkún ayọ̀.

Ó wá kọjú sí mi: "O káre, ọmọ mi, orí rẹ pé. Ṣùgbọ́n lójú ìjọ ni wàá ti sọ ọ́."

Mo ti gbà. Ẹ̀rù Wòlíì ń bà mí, bàbá mi ò sì tíì gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn: bí wọ́n bá pè mí síwájú lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ṣé oríire mi ni kí n kọ́kọ́ sọ, àbí ẹ̀ṣẹ̀ mi?